Ọgbọ̀n Òru Lọ́dún

Ilé Elnathan,
Tarbell, Massachusetts.
Ọjọ́ 9, oṣù Kẹta, 1958.

Drusilla ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Hec ọkọ rẹ ńkọ́? Effie ńkọ́, ọmọ ọmọ mi tí mo mọ̀ nínú fọ́tò nìkan, ṣé ó ti ń sáré? Wáyà tí ẹ fi bá mi kẹ́dùn dé. Mo ń kà á, mo sì ń tún un kà, títí ìwé náà fi fẹ́ ya níbi tí wọ́n ti ká a.

A kò tíì lè sin bàbá rẹ. Ilẹ̀ dì gbagidi lọ́dún yìí, kò sí ṣọ́bìrì tó lè wọ̀ ọ́. Wọ́n gbé e sínú ilé òkúta tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìtẹ́ òkú, ibẹ̀ ló ti ń dúró kí yìnyín yọ́. Nígbà tí mo bá ti ibẹ̀ bọ̀, mo máa ń sọ fún un pé, "Orrin, ìwọ náà kò tíì lè kúrò."

Yàrá kékeré ẹ̀yìn ilé ìdáná ló kú sí, bí o ṣe mọ̀ pé kò lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì Elnathan wà fún àwọn àlejò tó ń wá wo ilé àtijọ́ yìí. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń gbé inú ilé yìí, mi ò jókòó rí lórí àga kankan ní pálọ̀. Okùn pupa ni wọ́n fi dí i.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ikú bàbá rẹ, Ìyáàfin Peaslee, olórí Ẹgbẹ́ Olùtọ́jú Ilé, wá kí mi. Ó mú búrẹ́dì dání. Ó ní, "Lavinia, pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á tù ọ́ nínú. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé ń bọ̀ lọ́la o." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé fìlà funfun, tí mo wọ aṣọ gígùn, tí mo dúró síwájú ààrò. Mo sọ fún wọn pé Elnathan Tarbell, ẹni tó tẹ ìlú wa dó, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé yìí sí ojú ibi tó wà yìí lọ́dún 1689. Ọmọ kan na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ìyá àgbà, ṣé ẹ̀yin ni ìyàwó Elnathan?" Olùkọ́ wọn fẹ́ bá a wí. Mo ní, "Fi í sílẹ̀. Ó kù díẹ̀ kó jẹ́ òótọ́."

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. O mọ ìwé tí bàbá àgbà rẹ kọ nígbà tó fi ilé yìí fún ìlú. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ Elnathan lára gbọ́dọ̀ máa gbé inú ilé tí Elnathan kọ́, òun àti ọkọ tàbí aya rẹ̀, kò sì sí èyí tó gbọdọ̀ sun ìta ju ọgbọ̀n òru lọ lọ́dún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé di ti àwọn mọ̀lẹ́bí wa ní Boston, àwọn yẹn sì ti sọ ọ́ sí etí gbogbo ayé pé àwọn á tú u palẹ̀, àwọn á ta igi rẹ̀ fún olówó kan. Èmi kò ní ẹ̀jẹ̀ Elnathan. Wọ́n yọ̀ǹda fún mi títí di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ ló kàn.

Bàbá rẹ di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Ó ní, "Vinnie, má jẹ́ kí ilé ṣófo." Mo ní mi ò ní jẹ́ kó ṣófo.

Ọmọ mi, wá sílé. Igi ápù pọ̀ níhìn-ín fún Hec láti tọ́jú.

Èmi ìyá rẹ,
Lavinia.


Motueka, New Zealand.
Ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, 1958.

Màmá mi,

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ìdánìkanwà. Ó ń ṣe mí bíi kí n na ọwọ́ kọjá òkun kí n dì yín mú. Effie ń sáré, kódà ó ń ju ápù lu adìyẹ. Àkókò ìkórè la wà níbí, ìgbà òjò yìnyín yín ni ìgbà oòrùn wa. Oyún tún wà nínú mi, oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n pè é.

Mi ò lè wá sílé, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa lẹ́tà yìí dé, ẹ kà á tán.

Inú ilé yẹn ni mo dàgbà sí, tí àwọn àlejò ń yọjú wò mí níbi tí mo ti ń jẹ ẹ̀wà ọjọ́ Sátidé. Obìnrin kan fi ọwọ́ kan irun mi, ó ní, "Ẹ wò ó, ó jọ Elnathan!" Ta ló rí Elnathan rí? Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kan irun Effie bẹ́ẹ̀.

Ẹ kò wá síbi ìgbéyàwó mi. Ẹ kò wá nígbà tí mo bí Effie. Ogún ọjọ́ ó lé ni ọkọ̀ ojú omi máa ń lò ní àlọ nìkan, ọgbọ̀n òru kò lè gbé yín débí kó tún gbé yín padà, a kò sì lówó ọkọ̀ òfuurufú. Mo mọ̀. Mi ò sọ ọ́ síta rí pé ó dùn mí. Mo ń sọ ọ́ báyìí.

Mo sì ń rántí ìgbà tí ìyá yín ń ṣàìsàn ní Ohio. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Ọgbọ̀n òru yín pé, ẹ fi ìyá yín sílẹ̀ lórí ibùsùn, ẹ padà wá. Ọjọ́ kẹta ni wáyà dé pé ó ti kú. Ọ̀dùnkún lẹ̀ ń bó nígbà tí wọ́n mú un wá. Ẹ kà á tán, ẹ sì bó ọ̀dùnkún yẹn tán.

Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ wá kí ọmọ yìí tó dé. Yàrá kan wà tó kọjú sí òkun, àga kan wà nínú rẹ̀. Ẹ lè jókòó lé e.

Ọmọ yín,
Dru.


Ilé Elnathan, Tarbell.
Ọjọ́ 27, oṣù Kẹrin, 1958.

Drusilla,

Lẹ́tà rẹ dé. Mo kí ọ kú oríire oyún. Kí Ọlọ́run sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀.

Lọ́jọ́ Túsìdeè la sin bàbá rẹ. Ilẹ̀ ti yọ́. Èèyàn méjìlá ló wá, mẹ́wàá nínú wọn jẹ́ ọmọ Ẹgbẹ́. Mo wo ẹ̀yìn bóyá mo máa rí ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé o kò lè sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí. Ìwọ mọ ohun tí o sá fún. Èmi kò ní ohun mìíràn tí mo dúró tì ju ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ẹni tó ń kú lọ. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n tú ilé tó ti lé ní igba ọdún ká lójú mi ní oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn tí mo ti búra fún un? Bàbá rẹ kò sun ìta ju òru mẹ́ta lọ láyé rẹ̀. Ilé yìí ni gbogbo ohun tó ní láti fún ọ, o sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀wọ̀n ni.

Ọ̀rọ̀ ìyá mi tí o mẹ́nu bà, má mẹ́nu bà á mọ́.

Bí o kò bá ní wá, má tún fi lẹ́tà pè mí síbi tí mi ò lè dé. Ìyẹn kò yàtọ̀ sí kí èèyàn máa fi oúnjẹ han ẹni tí wọ́n dè lọ́wọ́.

Lavinia.


Ilé Elnathan, Tarbell.
Ọjọ́ 8, oṣù Kẹfà, 1958.

Dru mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé. Gbogbo àárọ̀ ni mo ń dúró dé akólẹ́tà lẹ́nu géètì. Láti òkèèrè ló ti ń mi orí sí mi kí n má bàa yọ ayọ̀ òfo.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú lẹ́tà mi tó kọjá tí ó yẹ kí n má kọ. Ìwọ náà mọ èyí tí mò ń wí. Mo kọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo ṣì ń gbọ́ ìró erùpẹ̀ lórí pósí. Bí o bá ń bínú, bínú, ṣùgbọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kí n lè rí i kà.

Ilẹ̀ pálọ̀ ń rì níwájú ààrò. Mo ti ránṣẹ́ sí Lyman Cobb káfíńtà. Ó yà wò ó, ó ní òun á padà wá ṣe é tí eegun orúnkún òun bá gbà. Ó bi mí pé, "Ìyàwó Orrin, òru mélòó lo ti sùn níta lọ́dún yìí?" Mo ní ẹyọ kan kò sí. Ó ní, "Háà, ọgbọ̀n òru gbáko lọ́wọ́ rẹ! Olówó òru ni ọ́." Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tán, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé. Kí ni mo fẹ́ fi ọgbọ̀n òru ṣe?

Kọ̀wé sí mi.

Ìyá rẹ.


Motueka.
Ọjọ́ 24, oṣù Kẹfà, 1958.

Ìyá wa,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi Hec ni mò ń kọ èyí. Igi ápù ni iṣẹ́ mi, mi ò mọ lẹ́tà kọ, ẹ fojú fò ó.

Drusilla kò bínú sí yín. Ilé ìwòsàn ló wà láti ìparí oṣù Kẹrin. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Dókítà ní kó dùbúlẹ̀ gbalaja títí ọmọ á fi dé, kò gbọdọ̀ dìde, wọn kò gbọdọ̀ mú inú bí i.

Nígbà tí lẹ́tà yín ti oṣù Kẹrin dé, mo ṣí i, mo kà á, mo sì fi í sínú àpótí irinṣẹ́ mi, sábẹ́ ayùn. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí, "Ṣé Màmá kọ̀wé?" Mo ní pósítì ń falẹ̀. Ẹ lè bínú sí mi. Ìyàwó mi ni mo rò, mi ò rò ó kọjá ìyẹn. Èyí tó dé lónìí ló jẹ́ kí n rí i pé ẹ̀yin náà ń dúró.

Ọmọ yín,
Hector McRae.


Ilé ìwòsàn.
Ọjọ́ 10, oṣù Keje, 1958.

Màmá,

Ẹ̀yìn ni mo fi lélẹ̀ kọ èyí, ẹ má wo bí ìlà ṣe ń wọ́.

Hec jẹ́wọ́. Ó kó lẹ́tà méjèèjì wá, ó dúró bí ọmọ tó fọ́ àwo. Mo sọ fún un pé, "Ohun tí o fi pa mọ́ kí n lè sinmi, òun gan-an ni kò jẹ́ kí n sinmi." Oṣù méjì ni mo fi rò pé ẹ ti kọ̀ mí.

Ọ̀rọ̀ yín dùn mí, ó sì ti tán. Èmi náà ti wá mọ bó ṣe ń rí báyìí. Àwọn èèyàn ń wọlé wá wò mí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n ń lọ, èmi kò gbọdọ̀ dìde. Okùn pupa nìkan ló kù.

Mi ò ní pè yín wá mọ́. Ẹ ti ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, Màmá. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Dru.


Ilé Elnathan, Tarbell.
Ọjọ́ 27, oṣù Keje, 1958.

Drusilla mi, ọmọ mi,

Dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Má gbé orí sókè, jẹ́ kí Hec kà á fún ọ. Sọ fún un pé mi ò bínú sí i. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí mo fẹ́ bá a sọ nípa ìfipamọ́, ṣùgbọ́n ojúkojú ni màá bá a sọ ọ́.

Ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ dé náà ni orúnkún Lyman gbà. Mo wà ní ilé ìdáná, mò ń ka ìlà rẹ tó ń wọ́, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo láti pálọ̀.

"Ìyàwó Orrin! Fi ohun tí o ń ṣe sílẹ̀, wá wo nǹkan."

"Eku ni?"

"Eku ì bá sàn."

O mọ àṣà àwọn káfíńtà ìlú wa. Ẹni tó bá ṣí pákó nínú ilé á kọ ọjọ́ àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí sí ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó kàn án padà. Lyman ti yọ pákó fífẹ̀ tó wà níwájú ààrò, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí okùn pupa. Ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tó kọ nìyí:

"Oṣù Kejì, 1764. Ilé Elnathan ti jó. Ilé opó Mercy Ladd rèé, tí a fà gba orí odò tó dì kọjá wá síbí, kó lè wà nítòsí ọmọbìnrin rẹ̀ tí ọmọ ọmọ Elnathan fẹ́. Àjàgà méjìlélógójì, màlúù méjì lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó fara pa àfi àgbá ọtí. Òtútù mú."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Lyman tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò, ó ní, "Wo àpá ẹ̀wọ̀n irin lára ìtì igi yẹn. Ilé yìí rìn wá síbí ni." Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rántí fìlà funfun mi àti gbogbo ọdún 1689 tí mo ti kà sí àwọn ọmọ aráyé létí. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ara ògiri mú. Ìgbà náà ni mo rí i pé Lyman kò bá mi rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ó ku ìlà kan, ìyàwó Orrin."

Pẹ́ńsù ni. Ọwọ́ tí mo mọ̀ ni. "Mo rí i. Mo dá a padà. O.T. Ọjọ́ 9, oṣù Kẹrin, 1934. Òjò."

Dru, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin ọdún yẹn ni mo kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Ọjọ́ kẹsàn-án ló kú. Mo rántí òjò náà. Mò ń bó ọ̀dùnkún, mo sì ń gbọ́ ìró òòlù láti pálọ̀, mo rò ó lọ́kàn mi pé ọkọ mi ń kan pákó láìdáwọ́ dúró kí n má bàa gbọ́ ẹkún ara mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ sí i nítorí ìró òòlù yẹn.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi mọ̀. Ó jókòó ti tábìlì níwájú mi nígbà tí ìwé ìgbéyàwó rẹ dé. Ó mọ̀. Ó gbọ́ nígbà tí mò ń ka ọjọ́ ọkọ̀ ojú omi lórí ìka mi lẹ́yìn tí o bí Effie, ó ní, "Kò lè tó, Vinnie." Ó mọ̀.

Mo lọ síbi ibojì rẹ̀ ní Tọ́sìdeè. Mo bá a jà títí ó fi rẹ̀ mí. Mo ní, "O mú mi ṣèlérí lórí ilé tí o mọ̀ pé kì í ṣe ilé náà." Òkú kì í fèsì, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, mo jókòó sórí koríko. Ọkùnrin tí kò lọ ibì kankan rí. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún un láti kékeré pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló mú ilé dúró. Bí ilé kì í bá ṣe ti Elnathan, kí ni òun fúnra rẹ̀? Ẹ̀rù bà á. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mi ò tíì dárí jì í tán. Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń ṣe é, bí ilẹ̀ ṣe ń yọ́.

Lyman ní òun lè fi ìfági fá ìlà yẹn kúrò, kí orúkọ Orrin má bàa bàjẹ́ láàárín ìlú. Mo ní kó fá a. Ó gbé ìfági lé e. Mo ní, "Dúró. Ọkọ mi pa irọ́ kan nínú ilé yìí. Má jẹ́ ká bá a pa ìkejì."

Ìyáàfin Peaslee dé kí oorun ọ̀sán tó lọ lójú mi. "Lavinia, ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀, jẹ́ kó wà lábẹ́ ilẹ̀! Ayẹyẹ Ìtẹ̀lúdó ku ọ̀sẹ̀ méjì!"

Mo ní, "Winifred, ọdún mọ́kànlélógójì ni èmi náà fi wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn."

"Kí la fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé?"

"Pé opó kan fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ débi pé ó kó màlúù mẹ́rìnlélọ́gọ́rin jọ, ó fa ilé rẹ̀ kọjá odò lọ bá a. O rò pé wọn ò ní fẹ́ràn ìyẹn ju Elnathan lọ?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ka ẹ̀yìn pákó náà. Lẹ́yìn náà ló gbé àga kan ní pálọ̀ wá, àga tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn, ó jókòó lé e pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lórí. Ó ní, "Mercy Ladd. Ó kéré tán, orúkọ rẹ̀ dùn."

Lọ́yà ìlú ka ìwé bàbá àgbà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀. Ó ní "ilé tí Elnathan kọ́" ni ìwé náà sọ, ilé yẹn sì ti jó kí wọ́n tó bí bàbá bàbá ẹni tó kọ ìwé. Àwọn ti Boston kò lè fi gba ilé yìí, ìlú ló ni ín. Kò sì sí ohun tó lè fi de èmi tàbí ìwọ mọ́, tàbí Effie, tàbí èyí tó ń bọ̀.

Ní àná, kí Lyman tó kan pákó náà padà, ó na pẹ́ńsù rẹ̀ sí mi. Ó ní àṣà ni àṣà. Mo kúnlẹ̀, mo kọ ọ́ sábẹ́ ìlà bàbá rẹ, mo sún mọ́ ọn gan-an bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i létí: "Èmi náà rí i. Mi ò dá a padà. L.T. Ọjọ́ 26, oṣù Keje, 1958. Oòrùn." Mo sì ní kí Lyman dojú pákó náà kọ òkè, kí gbogbo ẹni tó bá wọlé lè máa kà á.

Mercy Ladd kò lè fi ilé rẹ̀ sílẹ̀, ló ṣe gbé e lọ bá ọmọ rẹ̀. Èmi lè fi tèmi sílẹ̀. Àpótí méjì ni ẹrù mi. Ọkọ̀ òfuurufú ni mo fẹ́ wọ̀, gbogbo owó tí mo tọ́jú ló gbà, ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀. Mi ò wọ̀ ọ́ rí, Lyman ní kí n má wo ìsàlẹ̀. Mi ò mọ iye òru tí màá lò lọ́dọ̀ rẹ. Mi ò ní kà á.

Bá mi sọ fún Hec kó gbé àga yẹn kúrò ní yàrá òkun, kó gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ. Mò ń bọ̀ wá jókòó.

Ìyá rẹ,
Lavinia.